Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Lára Ọgbà

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa. A máa ń pa á fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú àtigba fìrídọ́ọ̀mù, a sì máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fi owó oṣù kan kọ́lé. Inú agbo àwọn òwe sùúrù la máa ń tò ó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín tó ń fi ẹ̀sọ̀ gungi àti akólòlò tó máa pe baba bó bá pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi tí ìgbín ń gùn kò lé e sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ dí akólòlò lẹ́nu. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ìyára ni wọn ò ní. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbà ló dojú kọ, ẹni tó sì ṣe ọgbà náà, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣe é.

Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rí, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Imú ẹlẹ́dẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú, ó sì yi. Òun ló fi ń ṣe ọkọ́. Á rìn yí ọgbà po, á máa gbóòórùn ilẹ̀ títí á fi kan ibi tí ọ̀pá ọgbà ti jẹrà tàbí ibi tí òjò ti sọ ilẹ̀ di rírọ̀. Ibẹ̀ ló máa ti imú bọ̀. Á hú u díẹ̀. Ẹ ju òkò sí i, á sá. Ẹ yíjú sẹ́yìn, á padà, kò sì ní lọ wá ibòmíràn. Ihò àárọ̀ yẹn náà ló ń padà sí. Ibi tó bá ti gba imú kò ní pẹ́ gba orí. Ibi tó bá sì ti gba orí, ẹ lọ wo ẹ̀gẹ́ yín lọ́jọ́ kejì.

Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà sábà ń fi òwe náà ṣe: olè kì í bẹ̀rẹ̀ lórí màlúù, ẹran inú ìkòkò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n òwe kì í ní ojú kan ṣoṣo, ojú kejì ni mo fẹ́ wò lónìí, nítorí n kò rí òwe tó bá ọ̀rọ̀ ìwé kíkà mu tó èyí lásìkò tí iṣẹ́ bá wọ èèyàn lọ́rùn. Iṣẹ́ ni ọgbà yẹn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni imú.

Ẹ wo oṣù Kejìlá nílẹ̀ wa. Ìsìnkú lọ́jọ́ Furaidé, ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń dé, ará ilé gbọ́dọ̀ lọ pàdé wọn ní Ìkẹjà. Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti ní Ilé-Ifẹ̀ ń fọ́ kòkó, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà Èkó di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àsìkò yìí gan-an ni ẹni tó ṣèlérí ní oṣù Kìn-ín-ní pé òun á ka ìwé 12 lọ́dún máa ń ṣírò, tó máa rí i pé 3 péré lòun tíì kà. Ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́, á pa ìwé dé, á ní ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi dúró de ọwọ́ tó máa dilẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń retí kí olóko wá ṣí ọgbà fún òun.

Ibi tí mo rò pé a ti ṣìnà ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kà. Kà kan náà la fi ń ka owó, òun náà la fi ń ka ìwé. Bóyá nígbà tí ìwé kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí àwọn bàbá wa rí ni ẹni tó ń fi ìka tẹ̀ lé àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa owó ẹyọ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kà tún ní iṣẹ́ kẹta tó ń ṣe: ẹni tí a kà sí ni ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ wá lójú. Ẹni tó sáré la ìwé 12 já nítorí iye rẹ̀ ti ka ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ka ìwé kankan sí. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn, àkàyé: kí á kà á, kó yé ni. Kò sí iye nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀ tó ń dùn mí. Bí a bá ní “lágbájá kàwé”, ilé ẹ̀kọ́ gíga la ní lọ́kàn, kódà bó bá ti tó ogún ọdún tí lágbájá ti ṣí ìwé gbẹ̀yìn. Ọmọ tó ń ṣeré ni ìyá ń pariwo mọ́ pé “Lọ kàwé rẹ!” Kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ ọmọ pé “Lọ jẹ àkàrà rẹ!” Láti kékeré la ti kọ́ ọmọ pé ìyà tó ń bọ̀ wá dẹ̀rọ̀ lọ́la ni ìwé, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pa òùngbẹ òní. Nígbà tí ìdánwò bá tán, kí ló tún kù tó máa mú un padà sídìí rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, adùn àti díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ìwé Yorùbá dàgbà. Nígbà tí òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tó ní òun ń fẹ́ ni kó di bárakú fún àwọn èèyàn láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, títí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ọdún 1867 fi lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Kò kó ìwé ńlá ka àgbẹ̀ àti oníṣòwò láyà. Ìwé pélébé ló fi lé wọn lọ́wọ́, èyí tí èèyàn lè kà kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ti Isaac Babalọlá Thomas tún dùn ju ìyẹn lọ. Ní 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ní òun kọ ọ́. Ẹwà rẹ̀ ti ṣá, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ṣe jayé lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Lẹ́tà yìí kò tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ dé, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ inú 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dì í pọ̀ di ìwé, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ẹ rò ó wò ná: akọ̀wé kan l'Ékòó ìgbà yẹn ka lẹ́tà tuntun tán, ó padà sídìí iṣẹ́, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá kiri inú títí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Dídúró yẹn wà lára adùn rẹ̀. Fágúnwà náà mọ̀ ọ́n: nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938, ọdẹ Àkàrà-ògùn kò sọ ìtàn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Á dá a dúró, á lọ, nígbà tó bá fi máa padà, èrò á ti pọ̀ sí i.

Ẹni tó là mí lójú sí gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni wọ́n ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bó bá ti di oṣù Kejìlá, aṣọ ẹbí ló ń lé aṣọ ẹbí nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, oníbàárà á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba gbèsè. Nítorí iná mànàmáná kò ṣe é gbọ́kàn lé, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n fi ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù yìí kì í sì í gbóná kíákíá. Ọmọ iṣẹ́ á ṣí orí rẹ̀, á kó èédú sí i, á ta karosíìnì díẹ̀ sí i, á ṣáná sí i. Á wá máa fẹ́ ẹ, á máa fẹ́ ẹ, títí èédú á fi pọ́n, tí eérú funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á na ọwọ́ sábẹ́ máṣíìnì, wọn á fa ìwé kan yọ.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, èyí tó jáde ní 1974. Èéfín ti mú un. Ẹ̀ta iná ti jó ihò kékeré kan sí etí ewé kan, ihò náà kò ju ojú bọ́tìnì lọ. Ègé léèsì pupa kan, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó ẹnì kan, ni wọ́n fi ń sàmì síbi tí wọ́n bá dé. Ojú ìwé méjì, bó bá pọ̀ tán mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù á ti gbóná. Wọn á fi itọ́ rin ìka wọn, wọn á fi kàn án gbà lábẹ́. Bó bá ti dún ṣààà, ìwé á padà sábẹ́ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n Àjàní, ọ̀dọ́kùnrin inú ìtàn náà, kì í bá ìwé padà sábẹ́ máṣíìnì. Wọn á máa lọ aṣọ, wọn á máa bá Àjàní jà, pé ọmọkùnrin wo ló ń kó Àṣàkẹ́ àti Lọlá àti Ṣadé pọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á dá sí i. Oníbàárà tó wá gba aṣọ á dúró gbọ́, á gbàgbé pé òun bínú wá.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan: “Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe ń ráyè kàwé nínú gbogbo wàhálà yìí?”

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ta ló ráyè? Iná ni mò ń dúró dè.”

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn àti ìwé yẹn tí mo gbádùn gan-an. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, búbá àti ìró kúkúrú tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ̀ tún gba ìgboro, olékù ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ti rán olékù fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn kí wọ́n tó ṣí ìwé náà rárá. “Mo ti mọ olékù tán lórí aṣọ,” ni wọ́n sọ fún mi, “n kò mọ̀ pé Àjàní ló wà lẹ́yìn ẹ̀.”

Ìwé kíkà wọn nídìí iná yẹn mú mi rántí bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ìgbà èwe wa, tí wọ́n máa ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dì. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, n ó tú bébà náà, n ó na án lórí itan, n ó ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ìròyìn tí kò lórí tí kò nírù, èédú bọ̀ọ̀lì ti bo ìdajì rẹ̀. Mo ṣì rántí eré bọ́ọ̀lù kan tí n kò mọ ẹni tó borí títí dòní, torí pé ibi tí bébà ya sí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún ara rẹ̀ rí pé òun á ka bébà bọ̀ọ̀lì mẹ́wàá lọ́dún. A kà á nítorí pé ó wà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ wa sì ṣì gbóná. Fóònù ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, òun ló gba ọ̀pọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé ohun tó wà nínú rẹ̀ burú. Kìkì pé kì í jẹ́ kí imú wa padà sí ihò àárọ̀ ni. Gbogbo ìgbà ló ń mú wa lọ sí ẹsẹ̀ ọgbà mìíràn.

Ìlérí ìwé kíkà kò burú lójú mi. Èmi náà ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n n kì í so ó mọ́ iye ìwé mọ́, omi ẹ̀kọ ni mo so ó mọ́. Láàárọ̀, bí mo bá ti gbé omi kaná tí mo sì po ògì sílẹ̀, ìwé wà lórí wíńdò ilé ìdáná, ìwé kan náà, níbi kan náà, títí á fi tán. Ojú ìwé 4 ni omi mi sábà ń gbà kó tó hó. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn di 120, àwọn ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tó wà nílé mi tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀ kò sì kéré. Nínú ọyẹ́, tí ooru ẹ̀kọ ń fẹ́ sí èèyàn lójú, tí ilé ṣì dákẹ́, n kò tíì rí wákàtí mìíràn nínú ọjọ́ tí mo lè fi rọ́pò èyí.

Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, mo lọ gba aṣọ mi ní Mọ́kọ́lá. Kò tíì délẹ̀. Bọ́tìnì ló kù àti lílọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ń fẹ́ iná lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ègé léèsì pupa wà lẹ́nu wọn, ìwé wà lórí orúnkún wọn, ewé tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún kò nípọn mọ́. Mo fẹ́ la ẹnu, wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

“O ti kà á tán, àbí? Má sọ ọ́ fún mi o.”

Ọmọ iṣẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù wọlé. “Àǹtí, ó ti gbóná.”

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ewé kan. “Tún lọ fẹ́ ẹ díẹ̀ sí i.”