Ogún Baba, Ogún Ìyá: Ibi Tí Ẹ̀tọ́ Wa Ti Wá

Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a jọ sọ nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ọ̀rọ̀ ogún ni. Ta ló ni ilé tí baba fi sílẹ̀? Kí ni ìyàwó máa rí gbà? Ọmọbìnrin ńkọ́? Ọjà tí ìyá kó sí ìsọ̀ ńkọ́? Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn obìnrin ti ń gbé ẹjọ́ ogún dé kóòtù ní Èkó. Ìdájọ́ tí wọ́n gbà nígbà náà, òun là ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí.

ÌDÍ-IGI ÀTI ORÍ-Ò-JORÍ

Nílẹ̀ Yorùbá, bí baba tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ fún un ni iye ọ̀nà tí wọ́n máa pín in sí, àwọn ọmọ ìyá kan náà á wá lọ pín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: iye ọmọ ni iye ìpín, kò sí pé ìyá ta ni.

Ẹjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ jákèjádò ni ẹjọ́ lórí ogún Suberu Dawodu ní Èkó. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni ó fi sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in. Ní 1958, kóòtù gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa nígbà náà, ibẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí iye tó kan kálukú, olórí ẹbí lágbára láti pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò kí ìjà lè tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Ká ní ilé baba ń mú N360,000 wọlé lọ́dún, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, N90,000 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ rẹ̀ á kó N90,000 lódidi. Ìyá tó bí mẹ́rin, N22,500 ni ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa mú. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, N40,000 ló kan olúkúlùkù ọmọ. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ibi tí olórí ẹbí bá fì sí, owó ló ń gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

ỌMỌBÌNRIN KÌ Í ṢE ÀLEJÒ NÍLÉ BABA RẸ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin kò ní ogún nílé baba. Nínú àṣà Yorùbá, irọ́ ni. Olóyè Mabinuori kú ní Èkó ní 1874. Nígbà tí ìjà ilé rẹ̀ dé kóòtù, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n parí ní 1909, ilé ẹjọ́ ṣàlàyé pé bí baba bá kú, dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló ń di olórí ẹbí. Bí dáwódù náà bá kú, ọmọ baba tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez, kóòtù tún sọ ọ́ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú ohun ìní ẹbí.

Ẹjọ́ Asiata ti ṣáájú ìyẹn, ní 1900. Wọ́n kó baba rẹ̀, tó jẹ́ Yorùbá, lẹ́rú lọ sí Brazil. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó, wọ́n ṣe yìgì nílànà Mùsùlùmí, wọ́n sì tún ṣe ti Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tó padà sí Èkó, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn nílànà Mùsùlùmí, òun ló bí Asiata. Nígbà tí baba kú, wọ́n fẹ́ fi ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil yẹn lé Asiata jáde nínú ogún. Kóòtù kọ̀, ó ní ọmọ ni, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìpín.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní àṣà tó yàtọ̀. Ọkùnrin Ìbò kan, L. O. Ukeje, kú ní Èkó ní 1981. Ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí kóòtù láti gba ìpín tirẹ̀. Ó di 2014 kí kóòtù tó ga jùlọ tó parí ẹjọ́ náà: wọ́n ní àṣà tó bá yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún baba rẹ̀ tako abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú baba!

ÌYÀWÓ ŃKỌ́?

Ibí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ, ìyàwó kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, kóòtù fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà wa. Ọmọ rẹ̀ ló ń jogún.

Ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló lè yí i padà. Ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole, ọkùnrin kan tó ṣe ìgbéyàwó Kìrìsìtẹ́nì kú láìṣe ìwé ìhágún. Àbúrò rẹ̀ ní àṣà sọ pé òun ló yẹ kó kó ogún. Kóòtù ní rárá, òfin òyìnbó ni wọ́n máa tẹ̀ lé, ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n dá láre. Títí dòní, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ní ìpín tirẹ̀ lábẹ́ òfin, àwọn ọmọ náà ní tiwọn. Níbi tí wọ́n bá sì ti fi òfin Islam pín in, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó bí ọkọ bá ní ọmọ. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á jọ pín in ni.

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ̀yin ìyá, nínú gbogbo ẹjọ́ yìí, ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ló bá a lọ kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà:

1. Ohun tí o bá fi owó ara rẹ rà, jẹ́ kí rìsíìtì àti ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ rẹ. Lábẹ́ àṣà, ogún ìyá, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Bí kò bá bímọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹbí ọkọ.

2. Ṣe ìwé ìhágún. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí o bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Má ṣe fi ẹni tí o fẹ́ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, má sì fi ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe é, kí ẹ̀bùn náà má bàa bọ́. Ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí èèyàn kan lè dá hágún.

3. “Next of kin” tí a ń kọ sí báńkì kì í ṣe àrólé. Ẹni tí wọ́n máa ké sí ni. Báńkì á ṣì béèrè ìwé àṣẹ láti kóòtù gíga kí wọ́n tó san owó olóògbé.

4. Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó yàtọ̀ díẹ̀. Òfin gba ẹgbẹ́ láyè láti san owó ọmọ ẹgbẹ́ tó kú fún ẹni tó yàn sínú ìwé ẹgbẹ́. Bí kò bá yan ẹnikẹ́ni, ó di ọ̀rọ̀ àjogún tàbí ẹni tí kóòtù fún láṣẹ. Ẹ lọ bá akọ̀wé, ẹ wo orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù yín. Ẹlòmíràn ṣì kọ orúkọ ẹni tó ti kú síbẹ̀. Ẹlòmíràn kò tíì kọ orúkọ ọmọ tó bí kẹ́yìn.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa tò sílẹ̀, òun ni kì í fa ìjà láàárín àwọn ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí a pẹ́ láyé, a ó jẹ èrè iṣẹ́ wa, àwọn ọmọ wa náà ò sì ní fi ogún wa di ọ̀tá ara wọn. Àmín o.