Káàdì Ìró Kọ̀ǹpútà

Káàdì ìró ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìsọfúnni onínọ́ńbà di iná mànàmáná tí hẹ́dífóònù tàbí sípíkà ń sọ di ìró. Ilé-iṣẹ́ AdLib gbé tirẹ̀ jáde ní 1987. Sound Blaster, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Creative ti Singapore, tẹ̀ lé e ní 1989, ó sì gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré géèmù. Láti ìgbà tí Intel ti gbé ìlànà ìró tó ń jẹ́ AC'97 kalẹ̀ ní 1997, inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ́ ọ mọ́.

Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ní káàdì ìró nínú, hẹ́dífóònù ló yẹ kí eléré géèmù kọ́kọ́ pààrọ̀, torí òun ló sábà máa ń mú ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù wá. Etí méjì ni ènìyàn fi ń mọ ibi tí ìró ti wá. Hẹ́dífóònù tó ya ìró ọ̀tún kúrò lára ti òsì dáadáa lè fi ìhà tí ọ̀tá ń gbà bọ̀ hàn. Lóòótọ́, ariwo iná inú kọ̀ǹpútà a máa wọnú ìró nígbà mìíràn, agbára káàdì tí a kọ́ mọ́ ọn sì lè má ká hẹ́dífóònù ńlá. Ibẹ̀ ni káàdì ọ̀tọ̀ ti wúlò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà ní àyè fún káàdì inú. Káàdì USB tí a ń kì bọ̀ ọ́ láti ìta ló bá a mu.