Ìlànà Ìjọba lórí Àwọn Arìnrìn-àjò Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn láti Ìwó Road dé Òkun Mẹditaréníà

Ìfáárà

Ìwó Road jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oríta tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìlú Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó wá, èyí tí ìjọba ológun ṣí ní ọdún 1978, ti pàdé ọ̀nà Ifẹ̀, ọ̀nà Ìwó tí oríta náà ti gba orúkọ, àti ọ̀nà tí ó wọ ìgboro láti Agodi. Láti ibẹ̀ ni èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Benin, Oníṣà àti Àbújá. Nínú ẹrù tí àwọn ọmọ ibùdókọ̀ ń tò sẹ́yìn ọkọ̀, kì í ṣaláì sí àpò onílà pupa àti búlúù tí tọmọdé tàgbà ń pè ní “Ghana Must Go”. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé àpò náà ni kò mọ̀ pé àṣẹ ìjọba kan ni ó bí orúkọ rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìlànà tí àwọn ìjọba gbé kalẹ̀ lórí àwọn tí ń wọ ìlú wọn láìgba àṣẹ, pàápàá àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré sọdá òkun lọ sí Yúróòpù. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní etí òkun Ítálì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Kúmásí àti ní Èkó, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ àlejò tí wọ́n lé, tí wọ́n sì tún jẹ́ onílé tí ìjọba wọn lé àlejò. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òfin tí ó bá ti ìlẹ̀kùn láìwo ohun tí ó ń lé ènìyàn jáde nílé kì í dá ìrìn-àjò dúró pátápátá. Ọ̀nà ni ó ń yí padà, owó ọ̀nà ni ó ń fi kún, ẹ̀mí sì ni ó ń ná àwọn tí ń rìn ín.

Yorùbá ní Gánà àti Àṣẹ Ọdún 1969

Kí òmìnira tó dé, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì wà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Obìnrin oníṣòwò tí ó ti Nàìjíríà wá ni àwọn ará Gánà ń pè ní “Mami Alata”. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957, tí Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1960, ẹni tí ó ti ń rìn fàlàlà tẹ́lẹ̀ di àlejò lábẹ́ òfin láìkúrò ní ìsọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àléfà, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan àwọn àlejò ni pé wọ́n gba òwò mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́, pé iṣẹ́ kò tó, àti pé ìwà ọ̀daràn ń pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún oníṣòwò láti ta ọjà tán, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó gba gbèsè. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn padà sí Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kúmásí tàbí Tàmálè, tí Twi tàbí Hausa rọrùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, wá di àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1970, òfin mìíràn tẹ̀lé e ní Gánà tí ó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà nìkan. Nàìjíríà pẹ̀lú ṣe òfin tí ó fara jọ ọ́ ní ọdún 1972. Àṣẹ náà kò tún ọrọ̀ ajé Gánà ṣe. Oko kòkó pàdánù òṣìṣẹ́, ọjà pàdánù oníṣòwò, àwọn ológun sì gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù Kìíní ọdún 1972.

Nígbà tí Nàìjíríà Di Onílé: 1983 àti 1985

Owó epo rọ̀bì yí ojú ọ̀nà padà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn ará Gánà, Tógò, Benin, Nìjẹ̀ àti Ṣáàdì ni ó ń wá iṣẹ́ wá sí Nàìjíríà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé gírámà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1979, mú kí olùkọ́ wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti Gánà ni ó bá wọn dí àlàfo náà. Lọ́dún 1979 kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́nà, ohùn yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú kí oṣù náà tó parí. Àlàyé ìjọba ni pé 90 ọjọ́ tí ECOWAS fàyè gbà ti kọjá lórí wọn. Bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni wọ́n fojú bù pé ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì tó bí ìdajì wọn tí ó jẹ́ ọmọ Gánà. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ibodè rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Nítorí náà ọ̀nà dí ní Tógò, ó sì dí ní Benin. Àwọn èrò há sójú ọ̀nà nínú oòrùn, àwọn mìíràn sì rọ́ lọ sí èbúté Àpápá láti wá ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ni Gánà tó ṣí ibodè. Ìjọba ológun tún lé àwọn mìíràn ní ọdún 1985.

Kókó kan nínú àṣẹ ọdún 1983 yẹ fún àkíyèsí àwọn olùkọ́. Àṣẹ náà yọ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé òun nílò apá kan lára àwọn tí òun ń pè ní ẹrù lọ́rùn ìlú. Àwọn kan wò ó bí ẹ̀san ọdún 1969. Yorùbá sì ní, bí a bá ń rántí ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Láti Aṣálẹ̀ dé Òkun

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2000, ìran tí a bí lẹ́yìn àwọn lílé wọ̀nyí ti ń wo òkè òkun. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ gba àríwá Nàìjíríà lọ sí Agadez ní Nìjẹ̀, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá sí Sabha ní Líbíà, ó sì parí sí àwọn ìlú etí òkun bíi Zuwara àti Sabratha. Níbẹ̀ ni àwọn onífàyàwọ́ ti ń kó ènìyàn sínú ọkọ̀ rọ́bà tàbí ọkọ̀ apẹja onípákó tí kò yẹ fún agbami. Lẹ́yìn tí ìjọba Gaddafi wó ní ọdún 2011, kò sí ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó di etí òkun Líbíà mú mọ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ kan rì ní tòsí erékùṣù Lampedusa, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 360. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, òmíràn rì pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 800. Ní ọdún 2016, ènìyàn tí ó lé ní 181,000 ni ó gba òkun wọ Ítálì. Àwọn tí ó lé ní 37,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ènìyàn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n sin òkú àwọn ọ̀dọ́bìnrin 26 ní Salerno, ní Ítálì. Ìgbàgbọ́ àwọn aláṣẹ ni pé ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìlànà Àwọn Ìjọba Yúróòpù

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlànà àwọn ìjọba náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni dídóòlà ẹ̀mí. Lẹ́yìn ìjàǹbá Lampedusa, Ítálì gbé ètò Mare Nostrum kalẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ ogun ojú omi sì yọ ẹgbàágbèje ènìyàn nínú ewu. Ọdún kan péré ni ètò náà lò. Àwọn tí ó takò ó ní ó ń fa èrò wá. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ kéré sí i, ìṣọ́ ibodè ni ó sì jẹ ẹ́ lógún jù.

Èkejì ni fífi iṣẹ́ ìṣọ́bodè lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, Ítálì dá àwọn tí ó mú lójú òkun padà sí Líbíà. Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dájọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2012 pé ìwà náà tàpá sí òfin. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Ítálì bá Líbíà ṣe àdéhùn tuntun: ẹ̀ṣọ́ etí òkun Líbíà fúnra wọn ni yóò máa dá ọkọ̀ padà, Ítálì yóò sì pèsè ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún wọn. Nìjẹ̀ pẹ̀lú ṣe òfin ní ọdún 2015 tí ó sọ gbígbé àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí di ẹ̀ṣẹ̀, kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023.

Ẹ̀kẹta ni gbígbé àlejò lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìjọba Boris Johnson kéde pé àwọn tí ó bá fi ọkọ̀ kékeré sọdá láti ilẹ̀ Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò di èrò Rùwáńdà. Ènìyàn tí ó lé ní 45,000 ni ó sì sọdá lọ́dún náà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 pé ètò náà kò bófin mu, ìjọba tuntun sì pa á tì ní oṣù Keje ọdún 2024 láìjẹ́ pé wọ́n fi agbára gbé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kò pọ̀ nínú àwọn èrò ọkọ̀ wọ̀nyí, nítorí físà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú ń há: láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́.

Kò ní bójú mu láti sọ pé àwọn ìlànà yìí kò so èso kankan. Àwọn tí ó gba òkun wọ Ítálì dín kù láti 181,000 ní ọdún 2016 sí nǹkan bí 23,000 ní ọdún 2018. Ìbéèrè tí ó yẹ ni ibi tí àwọn yòókù gbà. Àwọn kan wà nínú àtìmọ́lé ní Líbíà, níbi tí ìyà, ìfipábánilòpọ̀ àti títa ènìyàn bí ẹrú ti di ohun tí gbogbo ayé rí. Ní Nìjẹ̀, àwọn awakọ̀ fi ojú ọ̀nà tí kànga wà sílẹ̀, wọ́n gba inú aṣálẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ kò sí. Lẹ́yìn náà, Tùníṣíà di èbúté ńlá, iye àwọn tí ó wọ Ítálì sì tún lé ní 150,000 ní ọdún 2023. Ní erékùṣù Canary ti Sípéènì, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 31,000 gúnlẹ̀ sí ní ọdún 2006, àwọn tí ó lé ní 46,000 ni ó dé ní ọdún 2024. Àkọsílẹ̀ àjọ IOM fi hàn pé àwọn tí ó kú tàbí tí ó sọnù nínú Òkun Mẹditaréníà láti ọdún 2014 ti lé ní 30,000.

Ojúṣe Ìjọba Nàìjíríà

Ìjọba Nàìjíríà kò káwọ́ gbera. Òfin tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò fífi ènìyàn ṣẹrú jáde ní ọdún 2003. Ìlànà àpapọ̀ lórí ìṣípòpadà jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà padà láti Líbíà láti ọdún 2017. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin fi àṣẹ ìṣẹ̀ǹbáyé tú ìmùlẹ̀ tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń de àwọn ọmọbìnrin, ó sì fi àwọn tí ń ṣòwò náà gégùn-ún.

Síbẹ̀, dídá ènìyàn padà yàtọ̀ sí mímú kí ilé gbà á. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi rìnrìn-àjò, tí ó padà dé lọ́wọ́ òfo, bá gbèsè àti ìtìjú nílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó sórí irin ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ agbépo kan tí ó gbéra ní Èkó. Ọjọ́ 11 ni wọ́n lò lórí omi kí wọ́n tó dé Las Palmas. Ẹni tí ó bá yan irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò ṣaláìgbọ́ pé òkun ń pa ènìyàn. Ìkìlọ̀ nìkan kò lè dá a dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn ọdún 1969, ti 1983 àti ti òde òní ní ohun mẹ́ta tí ó so wọ́n pọ̀. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀ ni ojú àlejò máa ń pọ́n. Àsìkò tí òfin ń fún àlejò kì í tó. Ohun tí òfin náà ṣèlérí fún onílé kì í sì í ṣẹ tán. Orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó ń wọlé. Ẹ̀tọ́ yìí kò sọ pé kí wọ́n fi ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì sílẹ̀ kí ó kú.

Iṣẹ́ ńlá wà níbí fún àwọn olùkọ́ tí ń jáde láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni àwọn onífàyàwọ́ ń dọdẹ. Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ má lọ, tí kò ṣe àlàyé, ọmọ yóò wò ó bí ìlara. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi àwòrán ilẹ̀ hàn án, kí ó tọ́ka sí Agadez, Sabha àti Lampedusa, kí ó sọ iye owó àti iye ẹ̀mí tí ọ̀nà náà ń gbà, kí ó sì sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé ìrìnnà, físà àti ìwé ìgbélùú, ọmọ náà yóò ní ohun tí yóò fi ronú. Kí olùkọ́ sì rán an létí pé ìjọba ilẹ̀ yìí náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì lé aládùúgbò rí. Àpò “Ghana Must Go” tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ní Ìwó Road tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.