Ìtàn Pásíwọ́ọ̀dù: Kí Ló Dé Tí Wọn Kì í Sọ Ti Àtijọ́ fún Ẹ?

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù mi kan.

Láptọ́ọ̀pù yẹn ti wà nílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo tún tàn án, ó bi mí ní pásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ èyí tí mo rántí, kò wọlé. Mo tẹ ọjọ́ ìbí mi, mo tẹ orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mi, òfo ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní kò sọ́nà mìíràn, àfi kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Mo ní kó ṣe é. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé ohùn ìyá màmá mi, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló wà. Màmá sì ti lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: níbo ni pásíwọ́ọ̀dù ti wá gan-an? Ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀ ńkọ́?

Ilé kan, yàrá púpọ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, sí yunifásítì MIT, lọ́dún 1961. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi tó kún yàrá, owó rẹ̀ sì ga kọjá ohun tí èèyàn kan lè dá rà. Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú ẹ̀rọ kan náà ni fáìlì gbogbo wọn ń gbé. Bí ẹ bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí, ẹ mọ bó ṣe rí: ilé kan, yàrá púpọ̀, kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún kálukú.

Kò pẹ́ tí olè fi dé. Lọ́dún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr ń ṣiṣẹ́ lórí oyè ọ̀mọ̀wé. Wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n fún un lọ́sẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ náà, kò sì tó o. Ó ṣàkíyèsí pé èèyàn lè fi káàdì béèrè pé kí wọ́n tẹ fáìlì jáde sórí ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan, ó béèrè fún fáìlì tí pásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀. Ní ìdájí Sátidé, ó lọ mú un. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní gbangba, bí orúkọ nínú rẹ́jísítà kíláàsì. Bó ṣe ń fi wákàtí ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 25 kọjá kó tó jẹ́wọ́ fún Corbató.

Lọ́dún 1966, olè ò tiẹ̀ wá, àṣírí tún tú. Ẹnì kan ń tún ọ̀rọ̀ ìkíni ojúmọ́ kọ, ẹlòmíràn ń ṣàtúnṣe sí fáìlì pásíwọ́ọ̀dù lásìkò kan náà, ẹ̀rọ bá da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wọlé, dípò ìkíni, pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ará ilé ló ń rí.

Ẹ̀gẹ́ tó di gàrí

Ẹ wo ohun kan. Láyé ìgbà yẹn, bí o bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ, alákòóso lè ṣí fáìlì kó sì kà á fún ẹ. Ó rọrùn, àmọ́ ohun tí alákòóso lè kà, olè náà lè kà á.

Ní yunifásítì Cambridge, ní àwọn ọdún 1960 kan náà, Roger Needham mú ọgbọ́n mìíràn wá. Ká má tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ mọ́. Ká fi ìṣirò lọ̀ ọ́, kó jẹ́ pé ohun tó bá jáde la máa tọ́jú. Bí ẹni náà bá padà wá, a ó tún lọ èyí tó tẹ̀, a ó wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Ẹ wo ẹ̀gẹ́: ẹ rin ín, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ yan án, ó di gàrí. Ta ló lè dá gàrí padà di ẹ̀gẹ́?

Àwọn tó ṣe Unix ní Bell Labs gba ọgbọ́n yìí. Lọ́dún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson kọ ìwé lórí ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kó pásíwọ́ọ̀dù 3,289 jọ, wọ́n sì rí 2,831 já nínú rẹ̀, torí pé kò gùn, tàbí pé ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Wọ́n wá fi ohun kan kún un tí wọ́n pè ní iyọ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn: nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ti kálukú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí èèyàn méjì bá lo pásíwọ́ọ̀dù kan náà, gàrí wọn kò ní jọra.

Thompson fúnra rẹ̀ mú ti ẹ̀ dáadáa. Fáìlì Unix àtijọ́ kan tí ti ẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò já títí di 2019, ó sì gba ẹ̀rọ òde òní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ìṣísẹ̀ kan nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni: p/q2-q4!

Ìdí rèé tí ibi tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi sọ pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ fún ẹ. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Tuntun ni wọ́n á ní kí o ṣe. Bí ibi kan bá fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí ẹ lórí íméèlì, ẹ̀gẹ́ tútù ni wọ́n ń tọ́jú. Yáa sá.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìwọ ni?

Ìbéèrè tó kù nìyẹn. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mú wá ni ìbéèrè àṣírí: ọjọ́ ìbí rẹ, orúkọ bàbá tó bí màmá rẹ. Lọ́dún 2008, Sarah Palin ń du ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ íméèlì rẹ̀ lórí Yahoo nípa dídáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, ibi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí gbogbo rẹ̀.

Tiwa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ilé tí màmá ẹni ti wá kì í ṣe àṣírí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú, wọ́n sì ń fi kini lóde ìgbéyàwó. Lọ́dún 2017, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2018, Windows 10 gbé ìbéèrè mẹ́ta wọ kọ̀ǹpútà ilé.

Lónìí, fóònù àti íméèlì ló kù tí wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà: nọ́ńbà tí ẹ ò lò fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè gbé e fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù mi ńkọ́? Ohun tí mo mọ̀ nígbà tó ti pẹ́ jù ni pé ìlẹ̀kùn lásán ni pásíwọ́ọ̀dù yẹn ti. Mi ò fi ohunkóhun ti àpótí inú ilé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ìbá ti yọ dísìkì rẹ̀, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì kó ohùn màmá jáde. Bí ẹ bá lo BitLocker, àpótí náà ti tì nìyẹn, ẹ máa nílò nọ́ńbà 48 kan láti ṣí i, nítorí náà ẹ wá ibi tó dáa tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ ò bá lò ó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ kí ẹ tó bi í pé: "Ṣé o ti kó ohun inú rẹ̀ jáde?"

Lálẹ́ òní, ẹ wo nọ́ńbà àti íméèlì tí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ìgbàgbé. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Bí ìyá àgbà yín bá sì wà láyé, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kì yín, kí ẹ sì gba ohùn wọn sí ibi méjì. Ó dàbọ̀.