Owó Tí Wọ́n Fi Dá Ilé WASU Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí WASU (West African Students' Union) sílẹ̀. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ló wà nídìí rẹ̀, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone. Ohun tó ń ni wọ́n lára jù ni ilé gbígbé. Yàrá tí ìwé ìròyìn polówó láàárọ̀, onílé á ní ẹnìkan ti gbà á bó bá ti rí àwọ̀ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1928, Marcus Garvey, ajìjàgbara ọmọ dúdú, yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní West Kensington, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Ilé tiwọn ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá owó rẹ̀, lójú tèmi, ló sọ WASU di ẹgbẹ́ tí àwọn aláṣẹ kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ilé ni Ṣólàńkẹ́ ti lọ wá owó náà. Lọ́dún 1929 ó wọkọ̀ ojú omi padà sí Áfíríkà, kò sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù títí di 1932. Ó rin Nàìjíríà, ó dé Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní, ó dé Sierra Leone. Ó ń ti ààfin dé ilé àwọn agbẹjọ́rò, ó ń bá àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó. Nana Ofori Atta ti Akyem Abuakwa wà lára àwọn ọba tó dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe ń gba owó ló ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, èyí ni mo sì kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ìrìn àjò náà. Ẹni tó bá dáwó lẹ́ẹ̀kan lè gbàgbé, àmọ́ ẹni tó bá wọ ẹ̀ka á máa béèrè ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní ojúlé 62, Camden Road. Ọpẹ́olú, ìyàwó Ṣólàńkẹ́, ló ń tọ́jú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sì ń rí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀ ẹ̀pà jẹ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù láti fi wá owó ilé kan, pàápàá nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣe tán láti pèsè ilé. Òótọ́ ni pé ìjọba pèsè é: lọ́dún 1934 wọ́n ṣí Aggrey House ní Doughty Street. Ṣùgbọ́n WASU rí i pé ilé tí Ọ́fíìsì Ìjọba Amúnisìn bá dúró tì lẹ́yìn, ojú ìjọba kò ní kúrò lára ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ àti ohun tó ń sọ. Wọ́n tẹ ìwé pélébé jáde láti tú àṣírí ète náà, wọ́n sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má wọ ibẹ̀. Wọn kì bá tí lè sọ bẹ́ẹ̀ ká ní wọn kò ní òrùlé tiwọn. Kò sì pé ọdún méje tí wọ́n fi ti Aggrey House pa.

Àtakò tó le jù ṣì wà nílẹ̀. WASU pàápàá gba owó ìjọba nígbẹ̀yìn. Gbèsè wọ ilé Camden Road, ìjà wọn pẹ̀lú ìjọba rọlẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ìjọba sì wà nínú bí wọ́n ṣe kó lọ sí South Villas lọ́dún 1938. Ṣé owó yẹn kò ha dí wọn lẹ́nu? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ká wò. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, dúró níwájú WASU, ó ní ìlérí òmìnira tí Ogun Àgbáyé Kejì mú wá kan gbogbo ẹ̀yà. Nígbà tó di 1942, WASU béèrè pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba ìṣàkóso abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira kíkún sì tẹ̀ lé e láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ẹgbẹ́ tí owó ti rà kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dáwó ṣì wà nílé, ìjọba sì mọ̀ pé ohùn WASU kì í ṣe ohùn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí ebi ń pa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣólàńkẹ́ tún padà sílé lọ wá owó láti 1944 sí 1948, ilé mìíràn sì ṣí ní Chelsea Embankment lọ́dún 1949. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní 1958, àmọ́ àwọn ìwé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ ọmọ dúdú nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹ ń wá owó kiri, ẹ lọ kà wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé olówó èyíkéyìí.