Ọdún 123 Láìsí Lórí Máàpù: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Pólándì

Láti ọdún 1795 títí di ọdún 1918, kò sí orílẹ̀-èdè Pólándì tí ó dá dúró lórí máàpù ayé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́ta, Rọ́ṣíà, Ọ́stríà àti Prọ́ṣíà tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, ti pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pín ẹran. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni pé: ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé àwọn tí ó wá pín in ni, àbí àwọn ọmọ onílé tí kò ti ilẹ̀kùn wọn?

Pólándì kì í ṣe ilẹ̀ kékeré. Láti ọdún 1569 ni òun àti Lithuania ti para pọ̀ di ìjọba kan, ìjọba náà sì wà lára àwọn tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ jù lọ ní Yúróòpù. Àwọn ìjòyè ni wọ́n ń dìbò yan ọba, wọ́n sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Sejm. Ohun tí ó ba nǹkan jẹ́ ni òfin kan tí ń jẹ́ liberum veto. Bí aṣòfin kan ṣoṣo bá sọ pé òun kò gbà, ìpàdé tú ká nìyẹn, gbogbo ohun tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí sì di asán. Ọdún 1652 ni ẹnì kan ṣoṣo kọ́kọ́ fi òfin yìí da ìpàdé rú. Nígbà tí ó yá, àwọn ọba òkèèrè rí i pé kò dìgbà tí àwọn bá kó ogun wá. Bí wọ́n bá ti fún aṣòfin kan lówó, iṣẹ́ ti parí. Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ọdún 1772, aláǹgbá mẹ́ta wọlé pọ̀. Wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ipá mú Sejm láti fọwọ́ sí i. Tadeusz Rejtan, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láti dí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pàbó ni ìsapá rẹ̀ já sí.

Bí ìtàn náà bá parí síbí, èmi náà ì bá sọ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe ara wọn. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1791, àwọn ọmọ Pólándì ṣe ìwé òfin tuntun, wọ́n sì fagi lé liberum veto. Wọ́n ti ń dí ògiri wọn. Ìgbà náà gan-an ni inú bí Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà. Àwọn ìjòyè kan tí òfin tuntun náà gba agbára lọ́wọ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ Targowica ní 1792, wọ́n sì ké sí ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Ní 1793, Rọ́ṣíà àti Prọ́ṣíà tún gé lára ilẹ̀ náà. Ní 1794, Tadeusz Kościuszko, ẹni tí ó ti jà fún òmìnira Amẹ́ríkà, kó àwọn ènìyàn jọ láti jà. Ní Racławice, àwọn àgbẹ̀ tí ó mú dòjé gígùn lọ́wọ́ gba ìbọn àgbá lọ́wọ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, wọ́n mú Kościuszko. Ní 1795, wọ́n pín ìyókù.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ògiri tí ó lanu ni ó jẹ́ kí àwọn aládùúgbò wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bẹ̀rẹ̀ sí í dí i ni wọ́n yára kó gbogbo ilé lọ. Ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn ṣe àìbìkítà, ṣùgbọ́n olè ni a ń pe ẹni tí ó jalè.

Ìjọba lọ, èdè kò lọ. Ní Września, lábẹ́ Jámánì, ní ọdún 1901, wọ́n na àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fi èdè Jámánì dáhùn ìbéèrè nínú ẹ̀kọ́ ìsìn. Àwọn òbí tí ó fara ya ṣẹ̀wọ̀n. Maria Skłodowska, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Marie Curie, ni wọ́n bí sí Warsaw ní 1867, lábẹ́ Rọ́ṣíà. Ilé ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ó lọ níbẹ̀. Ní 1898, òun àti ọkọ rẹ̀ rí èròjà tuntun kan, wọ́n sì pè é ní polonium láti fi rántí Pólándì. Nígbà tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wó nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918, Józef Piłsudski gba àkóso ní Warsaw. Àwọn tí yóò pe ara wọn ní ọmọ Pólándì ṣì wà nílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó san owó ìtanràn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì, kò sì sí ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, àwọn ọmọ Września jẹgba kí èdè wọn má baà kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa fi ọwọ́ ara wa pa tiwa.