Thomas Dorsey àti Orin Ìhìnrere Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn kan rò pé orin ayé kò bá orin Ọlọ́run tan. Ìtàn Thomas Dorsey, ọmọ oníwàásù tí a bí ní Georgia ní 1899, kò gbà bẹ́ẹ̀. Dùùrù ni ó ń tẹ̀ fún Ma Rainey, akọrin blues, orin arò àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó mú ohùn náà wọ orin ìhìnrere ní Chicago, ọ̀pọ̀ ìjọ kọ̀ ọ́. Ní 1932, aya rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tuntun náà sì tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀fọ̀ yìí ni ó ti ṣe orin “Precious Lord”, èyí tí Mahalia Jackson kọ níbi ìsìnkú Martin Luther King ní 1968. Ohùn tí ìjọ kọ̀ ni ó wá di ìtùnú ìjọ.